Ohun Tí Mo Sọ fún Dókítà Nípa Ìyá Yín

Kọ́ládé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Fẹ́sítáákì? Ìyá rẹ tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé ó jẹun lánàá? Olúwa á jẹ́ ká rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí ní rere. Òjò ti rọ̀ níbí, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bímọ méjì.

Ọmọ mi, ẹnu ṣì ń yà mí. Pé oògùn á máa kán tó, tó, tó láti inú ọ̀rá wọ iṣan apá, á sì mọ ọ̀nà dé àpò ẹyin inú ìyá rẹ níbi tí jẹjẹrẹ wà, láìsí ẹni tó júwe fún un! Dókítà ní oògùn líle yìí ló ń sọ ọ́ di kékeré kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ní òun ò wo ti ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ìyá rẹ, agbára rẹ̀ lòun ń wò.

Lọ́jọ́ tá a wá rí i l'Ékòó, ìgbà tí o lọ wá ibi tí wàá gbé mọ́tò sí ló béèrè pé ta ní ń wẹ̀ fún un, ta ní ń dáná fún un. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ gidi la bí ni. Mo bá yára dáhùn pé ẹ̀yin ọmọ wa kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan omi, ẹ̀ ń wẹ̀ fún un, ẹ̀ ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó bá fẹ́ dìde ẹ̀ ń gbé e. Ìyá rẹ wò mí, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kì í já mi níyàn lójú àlejò. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi sì ń dùn pé orúkọ yín ti wọ ìwé Èkó.

Àṣé torí ohun tí mo sọ yẹn ni dókítà ṣe sọ fún ọ pé ara rẹ̀ ò lè gba oògùn líle, pé kí wọ́n kàn máa dín ìrora rẹ̀ kù! Yíwọlá, nọ́ọ̀sì abúlé wa, ló là á yé mi lánàá. Kọ́ládé, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò tíì lè jẹun.

Ìyá rẹ tó gúnyán láàárọ̀ ọjọ́ tá a wá! Mo gbé fóònù síwájú àwọn ebè tí ìyá rẹ kọ lóko títí iná fóònù fi kú, kí dókítà lè rí wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí wọn, ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n má dúró dè mí. Tó o bá ti rí lẹ́tà yìí, gbéra, má yà ní Apple Junction. Sọ fún dókítà pé bàbá rẹ purọ́. Sọ pé ìyá yín ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń dáná fúnra rẹ̀, ẹ kì í ṣe nǹkan kan fún un, ọmọ burúkú ni yín. Kí ojú tì wá, kí oògùn ṣáà dé ara rẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tí wàá fi yangàn bí mo ṣe ń fi yín yangàn, kò sì ní jẹ́ kó jẹ́ níwájú dókítà lo ti máa yangàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébánjí