Igi Tí Ewúrẹ́ Kò Jẹ

Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
Agége.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Pẹ̀lú ọkàn wúwo ni mo fi ń fi tó yín létí pé ewúrẹ́ bàbá onílé wa, Alàgbà Dàwódù, ti yan igi tí a fi ṣọgbà yí ilé ká.

Nígbà tí òjò wó ògiri, bàbá ní igi la máa gbìn dípò rẹ̀, irú èyí tí ewúrẹ́ àdúgbò ò ní jẹ tán. Fàúsát ìyàwó mi mú ewúro àti ìṣápá wá. Ó ní bí ọmọ bá já wọn jẹ, kò ju kó fún ojú pọ̀ lọ. Bàbá so ewúrẹ́ wọn mọ́ ọn, ó jẹ méjèèjì tán. Wọ́n so ó mọ́ igi lápálápá, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ayálégbé pàtẹ́wọ́.

Fàúsát ní, "Bàbá, ọmọ ló ń ṣeré níbí, kì í ṣe ewúrẹ́." Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ohun tí ewúrẹ́ ò bá lè jẹ, ta ló kù tó máa jẹ ẹ́?"

Bọ́látitó ọmọ-ọmọ yín ló kù. Nígbà tí lápálápá so, ó fọ́ èso rẹ̀ tó ti gbẹ, ó rí kóró inú rẹ̀, ó rò pé ẹ̀pà ni, ó sì jẹ ẹ́. Ó ń bì, ó ń ṣu, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Dókítà ní ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́. Ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan ìyá rẹ̀.

Alàgbà wá kí wa ní ọsibítù, wọ́n gbàdúrà tó gùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká fa igi náà tu. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ilẹ̀ ni. Wọ́n tún ní, "Láolú, igi ò rìn wá bá ọmọ ẹ. Ọmọ ẹ ló rìn lọ bá igi."

A ti wá yàrá dé Opebi, a ò rí. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gba Bọ́látitó. Fàúsát ti di ẹrù ọmọ náà, ó tú u, ó tún un dì. Bí ọmọ náà bá gbàgbé wa, ẹ má bá a wí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí ọmọ yìí rí yín pè, kó sì jẹun lọ́wọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín, tó pe ara rẹ̀ ní bàbá ọmọ,
Láolú.

Àfikún: Alàgbà ti gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, wọ́n sì lẹ èyí mọ́ géètì láàárọ̀ yìí, mo dà á kọ síbí:

"ÌKÉDE. Fún ààbò àwọn ọmọdé, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ gbé inú ọgbà yìí mọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan igi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé Láolú, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀lé òfin yìí."