Mítà Kan Ṣoṣo Ni Mo Rí Nílé Aránṣọ

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.

Waliyat Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé dáadáa ni Èkó ń ṣe ọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bínú sí ọ lọ́jọ́ owó oṣù. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi eyín ìyá rẹ kan tó ń mì, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ Israfil àbúrò rẹ ni mo fi ń kọ̀wé. Láti ìgbà tó ti gba fírídọ̀mù iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dé: yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nílé Ìyá Àtọ́kẹ́, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Igbó. Ìwọ lo sọ fún un lórí fóònù pé kó mọ iye mítà ilé kó tó dá iye, àti pé ògiri kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí kóòtù méjì. Etí mi gbọ́ ọ.

Èmi ni mo bá a lọ, torí ọmọdé kì í mọ owó pè. Mo wo ilé náà yípo, mítà kan ṣoṣo ni mo rí, èyí tí àwọn oníná kàn mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Israfil fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo pe owó mítà kan, ogún ẹgbẹ̀rún náírà, tọ̀dà-tiṣẹ́. Ní ti kóòtù méjì, mo sọ fún obìnrin náà pé ìdílé wa kì í ṣẹjọ́, kóòtù kan gan-an a ò dé rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì san owó lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ ná an. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti fura.

Ògiri kẹta nínú yàrá àkọ́kọ́ ni ọ̀dà tán sí. Israfil jókòó sórí garawa òfìfo, kò bú mi, omi kàn lé ròrò lójú rẹ̀ ni. Ó dùn mí, Waliyat. Mo lọ bá Ìyá Àtọ́kẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ba iye jẹ́, kì í ṣe ọmọ náà.

Ó ní òun rò pé ẹ̀dínwó oníbàárà àkọ́kọ́ ni. Ló bá gbé téèpù kọ́rùn, ó tẹ̀lé mi délé, ó ní ta ló ń dá owó aṣọ láìwọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́? Òun àti Israfil wọn ògiri lóòró àti níbùú, wọ́n yọ ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò, ó ní mítà nìyẹn, kí n fi ti oníná sílẹ̀ fún oníná. Kóòtù sì ni pé kí a kùn ún, kó gbẹ, kí a tún un kùn. Wọ́n ṣírò ọ̀dà, owó ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, oúnjẹ àti owó iṣẹ́, Israfil sì fi èrè lé e. Lọ́tẹ̀ yìí obìnrin náà ná an dáadáa, ó ní kí Israfil fi owó iṣẹ́ yàrá kan ṣe sàráà nítorí ẹnu bàbá rẹ̀. Wọ́n jọ gbà bẹ́ẹ̀. Ilé náà ń dán báyìí, Ìyá Àtọ́kẹ́ sì ti bá Israfil wá iṣẹ́ mìíràn ní Sábó.

Ìyá rẹ wá ní kí pálọ̀ tiwa náà dán. Israfil wọn ògiri, ó kọ iye sínú ìwé fún àwa òbí rẹ̀, kò sì yọ kọ́bọ̀. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ti di agbaṣẹ́ṣe gidi. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́ta náírà ni. Jọ̀wọ́, tètè fi ránṣẹ́, má sì ná an mọ́ mi lọ́wọ́, torí ẹni tó pè é kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tìrẹ, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Israfil ni yóò sì kùn ún fún ọ. Ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó láti ìsinsìnyí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùnírù.