Ọkùnrin Tí Kì Í Wo Atẹ́gùn

Àgọ́ wa,
Ẹsẹ̀ òkè Saghro,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Yidir, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnira ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé inú ò run ọ́ mọ́? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì tútù lo fi ń tan ara rẹ jẹ? Bàbá wà. Òtútù ń yọ eékún wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò rẹ̀ wọ́n. Àwọn ewúrẹ́ bímọ dáadáa lọ́dún yìí. Èmi náà wà, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, àmọ́ ọkàn mi ò lélẹ̀ láti ìgbà tí ọkùnrin kan ti gbé ọkọ̀ funfun wá sọ́dọ̀ wa. Òun ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Jawad lorúkọ rẹ̀. Ó ní Marrakech lòun ti wá, pé òun máa ń kó àwọn tó fẹ́ràn àtisùn lábẹ́ àgọ́ kiri, òun sì ń wá ibi tí wọ́n lè pàgọ́ sí, láti ibi iyanrìn aṣálẹ̀ títí dé orí òkè. Ó ní wọ́n sọ fún òun lọ́jà pé kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀ yìí bíi Bàbá. Ìwọ náà mọ Bàbá wa. Yìn wọ́n díẹ̀, wọ́n á bọ́ fìlà orí wọn fún ọ. Tíì ò tíì hó tí wọ́n ti gbà. Mo bi ọkùnrin náà pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọjà ni.” Gbogbo ọjà ló sọ ọ́, kò sì lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan. Láti ìgbà náà lara ti fu mí.

Mo bá wọn lọ. Ta ló máa fi Bàbá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àlejò? Ìsàlẹ̀, níbi iyanrìn, la ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ bi í pé irú àwọn wo ló fẹ́ kó wá, torí ibùdó tó bá ẹnì kan lára mu lè pa ẹlòmíràn. Àwọn arúgbó, wọ́n ní kó pàgọ́ wọn sẹ́yìn àwọn igi tó wà lẹ́bàá títì, níbi tí ilẹ̀ ti le, torí pé arúgbó tó ń jí tọ̀ kò gbọdọ̀ máa gun òkúta. Àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, Jawad fẹ́ kó wọn sínú odò gbígbẹ nítorí pé iyanrìn ibẹ̀ rọ̀. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní òjò tó ń rọ̀ lórí òkè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í rí i títí omi á fi dé. Wọ́n tún kọ ibi òkúta pẹlẹbẹ nítorí àkeekèé. Orí ilẹ̀ gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọkà bálì ni Bàbá fi wọ́n sí, níbi tí àwọn ọmọ á ti máa gbọ́ igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí egungun wọn ń yún wọn, kí wọ́n lọ sórí góńgó òkè, kí atẹ́gùn gbá wọn létí títí wọ́n á fi sùn. Ní ti tọkọtaya tuntun, ẹ̀yìn àpáta ni Bàbá nawọ́ sí. Wọ́n ní ibẹ̀ kì í gbé ohùn jáde. Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín níwájú àlejò yẹn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ẹni tó ń wá ibi àgọ́, atẹ́gùn ló máa ń kọ́kọ́ wò. Bàbá ń bu erùpẹ̀, wọ́n ń dà á sókè láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Jawad ò wojú òkè lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti lè yí ló ń wò. Ó ń bèèrè bóyá omi máa ń gbẹ nígbà ẹ̀rùn, ó ń bèèrè àwọn tó máa ń sinmi níbẹ̀, àti bóyá oníjà ni wọ́n. Gbogbo ibi tó bá wù ú, á gbá irin mọ́lẹ̀, á so àkísà pupa mọ́ ọn. Mo ní àgọ́ wo ló ń lo irin tó nípọn tó báyìí? Ó ní kí òun má bàa gbàgbé ibẹ̀ ni. Mo sọ nínú ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, “Izza, o fura sí òjò, o fura sí ewúrẹ́. Nígbà tí ọkọ wá fẹ́ ọ, o fura sí ẹṣin tó gùn wá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ọkùnrin yẹn ló ni ẹṣin? Ṣebí ó yá a ni!

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo èèyàn. Mo ní bóyá ìjọba ló rán an, bóyá àwọn ará àfonífojì kejì ni. Mo tiẹ̀ fura sí Moha, tí a yàn ṣe Olórí Koríko lọ́dún yìí, nítorí mo rí òun àti Jawad tí wọ́n kí ara wọn pẹ́ lọ́jà. Ìyàwó Moha fi bọ́tà ránṣẹ́ sí mi, mo dá a padà. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì ń tijú báyìí.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn a dé ìdí òkè ńlá, níbi tí ọ̀nà Tamda, pápá ìgbà ẹ̀rùn wa, ti yà. Bàbá ní kó dúró níbẹ̀, torí Moha ò tíì kéde ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí koríko, kó tó kéde, ẹran ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, èèyàn náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Jawad ní, “Kò burú, Bàbá, a lè dúró dọjọ́ náà. Ibi-Eyín ni mo kúkú fẹ́ kó gbogbo wọn lọ nígbẹ̀yìn. Àgbà o, ọmọdé o, ibẹ̀ á gba gbogbo wọn.”

Yidir, ara mi bù máṣọ. Tamda ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀. Nígbà tí eyín rẹ bọ́ sínú omi ìsun yẹn, tí o ń sunkún pé òkè ti gbé eyín rẹ jẹ, Màmá ló sọ ọ́ ní Ibi-Eyín kó o lè rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ò jáde nínú àgọ́ wa rí. Màmá ti lọ sọ́run. Èmi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ò sọ ọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo bi í pé, “Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?” Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Yidir ni. Ṣé kò tíì sọ fún yín? Ó ní ilẹ̀ ìdílé yín ni, ó ti gbà pé ká kọ́ yàrá síbẹ̀. Òun ló ní kí n má tíì dárúkọ òun.” Ó fi àwòrán hàn wá: yàrá oníbíríkì, ògiri yí omi ká, géètì. Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Mo fura sí gbogbo ayé, mo wá yọ ìwọ nìkan sílẹ̀.

Ilẹ̀ ta ni, Yidir? Ojú àgọ́ wa nìkan la ní níbẹ̀, àti ìgbẹ́ tí ewúrẹ́ wa fi sílẹ̀. Gbogbo ìran wa ló ni omi. Bí àwọn àgbà bá gbọ́ pé ọmọ ilé wa ló fi í fún àlejò, wọ́n á lé wa kúrò nínú koríko. Nígbà tí oòrùn bá wá jó Saghro, ibo la máa da ẹran sí?

Nígbà tá a délé, mo ní mo ń lọ sọ fún Moha. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Má dárúkọ Yidir. Màá sọ pé èmi ni mo fi í fún àlejò. Arúgbó ni mí, wọ́n á ní ọpọlọ mi ti ń kú lọ. Ọmọ tí wọ́n bá pè ní olè, kò ní ibi tó máa padà wá sí mọ́.” Wọ́n ti fọ ẹ̀wù funfun wọn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, níbi ìpàdé àwọn àgbà, wọn yóò dìde, wọn yóò pe ara wọn lólè níwájú gbogbo ìran wa. Bàbá wa, tí kò jẹ́ kí ewúrẹ́ kan gbé ẹsẹ̀ sínú koríko kó tó ṣí rí.

Inú ń bí mi sí ọ, mi ò ní purọ́. Má kọ àlàyé sí mi, má sì pè mí lórí fóònù. Wọ ọkọ̀, kó o dé kí Bàbá tó la ẹnu. Bó o bá wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni màá dúró sí, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Bó ò bá wá, màá jókòó láàárín àwọn obìnrin, màá gbọ́ bí Bàbá ṣe ń purọ́, mi ò sì ní já wọn nírọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà. Kó fún ọ ní ẹsẹ̀ tó yá àti ọkàn tó le. Kó má jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa láàyè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ gun òkè,
Izza.

Àfikún: Bàbá ò mọ ohun tí mo kọ síhìn-ín. Wọ́n ní bí mo bá máa kọ̀wé sí ọ, kí n sọ pé èèyàn dáadáa ni ọ̀rẹ́ rẹ, pé ìrìn náà dùn, kò sì sí wàhálà kankan nílé. Wọ́n ní kí n kí ọ.