Ìjókòó Tí A Kò Tú: Ìgbésí Ayé Díákónì Rozell Pettway (1938–2016)

Ní abúlé kan lẹ́bàá odò ní Ìpínlẹ̀ Alabama ni a ti bí Díákónì Rozell Pettway, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1938. Ezra Pettway, tó ń dá oko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ni bàbá wọn. Lottie ni ìyá wọn. Àwọn ni ìkarùn-ún nínú ọmọ mẹ́jọ. Ìwé kẹfà ni wọ́n kà dé nígbà tí odò kún ní ọdún 1951, tó sì gbé ìbaaka kan ṣoṣo tí ìdílé náà ní lọ. Láti ọjọ́ náà, Rozell, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ó ń fa ohun ìtúlẹ̀ dípò ìbaaka.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1957, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Pontiac ní Michigan, pẹ̀lú ọ̀dùnkún sísè nínú àpò. Máìlì mẹ́ta ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín kí wọ́n tó rí iṣẹ́, páálí ni wọ́n sì fi dí ihò bàtà wọn. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958, dókítà gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì wọn tí òtútù ti pa. Láti ọdún 1961 sí 1964, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà títí wọ́n fi gba ìwé-ẹ̀rí.

Wọ́n gbé Idella Crumpton níyàwó ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1959. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò kan náà ni tọkọtaya náà ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò eléré alágbára tí gbogbo ìlú ń pè ní Ewúrẹ́. Olóògbé ló ń fi sípánà yẹ àwọn nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò wò. Èyí tó bá le dáadáa, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ìyeyè fa àmì róbótó onírù sí i. Idella, Màmá wa, ń rán aṣọ ìjókòó, pẹ̀lú obìnrin mẹ́fà mìíràn. Òwú dúdú ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n Màmá máa ń fi òwú búlúù ta kókó ìparí sí abẹ́ aṣọ náà, níbi tí ojú ọ̀gá kò lè dé.

Olóògbé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Idella, ta ni yóò tú ìjókòó mọ́tò wò nítorí kókó rẹ?”

Màmá á ní, “Ìwọ ni, lọ́jọ́ tí o bá ra ọ̀kan fún mi. Tàbí o fẹ́ kí n máa rán ìjókòó fún ìdí ẹlòmíràn títí ayé ni?”

Ọmọ mẹ́rin kò jẹ́ kí ọjọ́ náà tètè dé. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1984, wọn kò gun Ewúrẹ́ rí.

Ní ọdún 1991 ni Olóògbé rí ọ̀kan rà nínú abà àgbẹ̀ kan ní Ohio. Wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì yọ ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kì sáàárín irin ibẹ̀. Ìwé náà fi hàn pé ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 1966 ni a to mọ́tò náà. Àwọn méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Inú Olóògbé dùn débi pé wọ́n gbé mọ́tò náà sókè, wọ́n sì fi kẹrosíìnì fọ abẹ́ rẹ̀ kó lè dán. Ìgbà tí omi ìyeyè ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ wọn ni wọ́n tó rí ìrù àmì tó kù. Àmì ọwọ́ ara wọn ni.

Wọ́n sọ fún ọmọ wọn tó wà níbẹ̀ pé, “Verlene, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi dúró dè mí. Èmi náà ni mo nù ún dànù.”

Wọ́n ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìjókòó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń ya.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé Ewúrẹ́ lọ síbi ìdíje ẹwà mọ́tò àtijọ́ ní oṣù Kẹjọ. Ipò kejì ni wọ́n sì ń gbà. Ní ọdún 1998, adájọ́ kan ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ àkísà yìí, kí n lè gbé ife fún yín.”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbé ife rẹ lọ sílé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bù mu.”

Verlene bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kúkú tú u, kí wọ́n wo òwú búlúù náà. Wọ́n ní, “Obìnrin méje ló ń rán ìjókòó. Bí mo bá tú u, tí kò jẹ́ ti ìyá yín ńkọ́? Bó ṣe wà yìí, òun ló rán an.”

Díákónì ni wọ́n fún ọdún mọ́kàndínlógójì ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi Òkè Gílíádì. Ewúrẹ́ náà ni wọ́n fi ń gbé àwọn opó lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Iwájú, lórí ìjókòó yíya, ni wọ́n ń fi wọ́n sí.

Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 2016. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Verlene Hatcher, Lamar, Curtis àti Jocelyn, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àtọmọdọ́mọ mẹ́ta, àti àbúrò wọn, Ola Mae.

Lónìí, Verlene ni yóò wa Ewúrẹ́ tẹ̀lé pósí. Àwa ọmọ ṣèpàdé nípa ìjókòó náà, a kò sì tú u. Bàbá ti lọ bá ẹni tó lè sọ fún wọn bóyá òun ló rán an.

Bàbá, ẹ bi Màmá léèrè. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín ní ìtẹ́ ìrọ̀rùn, kí ẹ sì sùn re nínú Olúwa.