Àwòrán Ọdún 1939

Òpópónà Kejì,
Ìlú Rennick,
Nebraska, Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Ìbídùn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ara àwọn ìbejì ti yá? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń ro Màmá Àgbà ti fúyẹ́? Màmi ní kí n kí yín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ẹ ní Yorùbá nìkan ni kí n máa fi kọ̀wé sí yín. Ẹ bá mi tún ibi tí mo bá ti ṣì í kọ ṣe.

Lánàá ni ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìlú wa dìbò: ṣé kí á dara pọ̀ mọ́ Kessel, ìlú kejì, àbí kí á kọ̀. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ló kù. Tí a bá kọ̀, ìjọba á ti gbogbo rẹ̀ pa, bọ́ọ̀sì á sì máa gbé àwọn ọmọ kéékèèké rin ogójì máìlì. Tí a bá gbà, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á dúró síbí, àwọn ọmọ girama á máa lọ sí Kessel, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé Kessel ni gbogbo wa á máa wọ̀. Àwọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará ìlú tìtorí ẹ̀ fẹ́ kọ̀! Látìgbà tí Kessel ti fi àmì kan ṣoṣo borí wa nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, kò sẹ́ni tó ń wọ àwọ̀ ewé wọ ọgbà ilé-ìwé wa; pupa ni tiwa.

Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n ka ìtàn wa kí wọ́n tó dìbò. Mo kọ ọ́ láti yàrá kan ṣoṣo ọdún 1911, dé ife ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọbìnrin wa gbà nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Àwòrán gbogbo kíláàsì tó ti jáde ló wà lára ògiri wa, àfi ti 1939. Wọ́n ní iná jó ilé-ìwé, pé kò sẹ́ni tó parí ẹ̀kọ́ lọ́dún náà. Èmi wá rí àwòrán náà nínú páálí kan: ọmọ wa mẹ́sàn-án. Ẹnì kan kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: “Kessel gbà wá fún odidi ọdún kan. Aṣọ wọn aláwọ̀ ewé la yá wọ̀.”

Ọ̀gá ní, “Má kà á o! Wọ́n á lé èmi àtìwọ nílùú.”

Àǹtí, mo kà á. Gbọ̀ngàn dàrú. “Irọ́ ni!” “Ta tiẹ̀ ló bí èyí síbí?”

Níbí, ẹni tó kọ́kọ́ jáde nílé-ìwé jù ló máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Wilma Vosika, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, fi ọ̀pá dìde.

“Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ àná. Kíláàsì kìíní ni mo wà lọ́dún yẹn. Oúnjẹ Kessel ni mò ń jẹ lọ́sàn-án.” Ìyá Wilma gba àwòrán lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e síwájú Doyle Prusa, alága ìgbìmọ̀ tó ti búra pé òun ò ní wọ àwọ̀ ewé láéláé. “Doyle, ta lèyí tó wà láàárín?”

Ó wọ awò ojú rẹ̀. “Bàbá mi ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni wọ́n wọ̀?”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Wọ́n dìbò: mẹ́ta gbà, mẹ́ta kọ̀. Ó wá ku Doyle. Ó bọ́ fìlà pupa rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó nawọ́: “Mo gbà.”

Láàárọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ gbé òòlù wá. Kò kí mi. Ó kàn ní kí n bá òun mú ìṣó dání, ó sì gbé àwòrán bàbá rẹ̀ kọ́ sí àyè tó ṣófo yẹn. Kíláàsì tiwa ló máa kẹ́yìn lára ògiri, pupa la ó sì wọ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá Àgbà, kí ẹ fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Èmi ni àbúrò yín tọ́kàn rẹ̀ ń fà sílé,
Jọ́láadé.