Onílé Mi Ṣí Páànù Orí Yàrá Mi

Bẹyẹrúnkà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹfà, 1961

Mi ò ní pe onílé yìí ní Alájì mọ́. Lásísì ni n ó máa kọ.

Láàárọ̀ yìí ló gun òkè ilé, ó ṣí páànù mẹ́ta kúrò lórí yàrá mi, torí mo ní mi ò lè kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí àna rẹ̀ lè ríbi gbé. Òjò ti ba aṣọ oníbàárà jẹ́ kí n tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo lọ bá Mọ́gàjí, olórí ẹbí wọn, ó sì ránṣẹ́ pe Lásísì wá. Lásísì ní opó bíi tèmi ò gbọdọ̀ lẹ́nu nílé onílé.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká pàdé ní kóòtù."

Mọ́gàjí ní, "Lásísì, a kì í ṣí òrùlé mọ́ àlejò lórí. Fún un ní oṣù mẹ́ta. Lọ kan páànù yẹn padà lónìí. Tó bá pè ọ́ lẹ́jọ́, mi ò ní tẹ̀ lé ọ."

Nírọ̀lẹ́ ló gbé àkàbà wá. Àkàbà ń mì. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú." Mo jókòó, mo ń wò ó.

Kò pẹ́ tó kan páànù tán tó lọ ni ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé òun ti rí yàrá fún mi ní Yemetu, pé mo lè kó wọlé lọ́la.

Mi ò lọ. N ó lo oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.