Ìwé Tí Ẹnjiníà Harun Fọwọ́ Sí

Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 4417,
Jeddah,
Saudí Arébíà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1996.

Ṣínà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ilé o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́, pàápàá èyí tó o ní ó ti ga jù ọ́ lọ? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́dún yìí. Níbí, oòrùn ni òjò tiwa. Ara mi le, iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ń lọ bó ṣe yẹ. Inú mi ni kò dára, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ.

Ǹjẹ́ o rántí Fáda ará Ítálì tó kọ́ wa ní èdè rẹ̀ ní Ìbàdàn? Èmi ọmọ lèmọ́mù, ìwọ ọmọ bàbá ìjọ, a jọ ń ka ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn, ìwọ sì ń ba èdè elédè jẹ́. Nínú àwọn ìtàn yẹn, mẹ̀kúnnù kì í jàre. Bí ẹṣin olówó bá jẹ ọkà tálákà, adájọ́ á ní kí tálákà wá tọrọ àforíjì, torí pé ọkà rẹ̀ mú kí inú run ẹṣin. Èdè Látìn ni wọ́n á fi kọ ìdájọ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni tálákà ti ń gbọ́ Látìn, á rò pé Ọlọ́run ló sọ̀rọ̀, á sì ṣe àmín. Ìwọ máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi, inú máa ń bí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn ìtàn náà ni mo ń sọ fún Àjàmú ní Al-Ruwais, àdúgbò àwọn ará wa níbí, lọ́jọ́ Jímọ̀ bí a bá ti jẹun tán. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Àjàmú, ẹgbẹ́ wa ni. Ó wá sí Hájì lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò bá wọn padà mọ́. Kò ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú yìí láìsá fún ọlọ́pàá, nítorí náà ẹrù ló ń gbé nínú ọgbà ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté. Bí mo bá sọ ìtàn ẹlẹ́ṣin yẹn dé ibi ìdájọ́, á dá mi dúró. “Tíṣà, ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó gbá adájọ́ yẹn létí?” Mo ní wọn ò gbá a. Á mi orí, á ní kí n sọ òmíràn, bóyá wọ́n á gbá ti ibẹ̀.

Ọ̀gá ọgbà náà ni Ẹnjiníà Harun. Yorùbá ni òun náà, kọ́ńtíráàtì ló bá wá, ìkámà rẹ̀ pé pérépéré. Lóṣù Kẹjọ, wọ́n fẹ́ fi okùn gbé ẹ̀rọ ńlá kan tó ti Ítálì dé. Àjàmú sọ fún un pé okùn náà ti gbó, pé kí wọ́n wá òmíràn. Harun bi í bóyá òun ni ẹnjiníà, ó ní kí wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀. Okùn já. Ẹ̀rọ fọ́ yángá, ó sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún Àjàmú mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, Harun gbé èso dàbínù lọ bá a lórí ẹní, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ. Ó ní, “Mo fẹ́ gba ìkámà fún ọ. Kọ orúkọ rẹ síbí.” Ṣé o mọ àwa ọmọ ilé-kéú? Bí a bá rí bébà tí wọ́n kọ Lárúbáwá sí nílẹ̀, a ó ṣà á, ká má baà tẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Àjàmú lè ka Kùránì láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó rí Bísímíláì lókè ìwé náà, ó bá gbà pé ìwé tó bẹ̀rẹ̀ báyìí kò lè purọ́. Ó fi ẹnu kò ó, ó gbé e kan iwájú orí, ó wá rọra kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé òun nìkan ló gbé ẹ̀rọ náà láìgbàṣẹ, tó sì jù ú sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọlọ́pàá wá mú un. Wọ́n ní bí ẹjọ́ náà bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó dá a padà sílé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ọdún.

Mo lọ rí Àjàmú ní àtìmọ́lé, òun ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àfi bí Harun ṣe kanlẹ̀kùn mi fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ní Ítálì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ti gbọ́ pé mo gbọ́ èdè wọn. Kò mọ̀ pé mo mọ Àjàmú. Ó gbé ìwé Lárúbáwá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tú u sí èdè Ítálì, kí n fi kún un pé òun ẹnjiníà ti kìlọ̀ fún ọkùnrin náà títí ẹnu fi ń ro òun. Mo ka orúkọ Àjàmú nísàlẹ̀. Ṣínà, mo rẹ́rìn-ín sí Harun, mo da tíì fún un. Bí mo ṣe da tíì yẹn láì dà á sí i lójú, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Mo wá kọ̀wé. Mi ò purọ́ ẹyọ kan. Mo kọ ọ́ pé èmi Harun ni mo ní kí wọ́n lo okùn tó ti gbó, pé alágbàrù náà kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́, pé mo tan aláìsàn kọ orúkọ sí ìwé tí kò gbọ́. Mo lo gbogbo ọ̀rọ̀ tí Fáda kọ́ wa. Harun gbà á, ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní ó gùn díẹ̀. Mo ní àwọn ará Ítálì fẹ́ràn àlàyé. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ẹsẹ̀ ni mo bá a gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èsì dé bá àwọn tó gba Harun síṣẹ́. Wọ́n pè é, wọ́n na ìwé tó fọwọ́ sí sí i, kò lè sẹ́ ẹ. Adájọ́ wá fagi lé ẹjọ́ Àjàmú, wọ́n sì dá a padà sílé ní ìtìjú àìní ìkámà nìkan, kì í ṣe ti ọ̀daràn. Kọ́ńtíráàtì Harun parí lọ́jọ́ náà. Bilikis ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní àwọn ọmọ ò tíì parí ilé-ìwé. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Mi ò ṣílẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà, mo sùn lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Al-Ka'kiyah. Bí mo ṣe parí ìyípo Káábà ni ẹnì kan di ọwọ́ mi mú. Harun ni, nínú aṣọ funfun méjì bíi tèmi, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun ti dárí jì mí, kí èmi náà dárí ji òun níbẹ̀.

Mo ní, “Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹni tó o ṣẹ̀ ni kó o lọ bẹ̀. Ọlọ́run kì í bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ dárí jini.”

Ó wá ní, “Ọkùnrin yẹn, kí tilẹ̀ lorúkọ rẹ̀?”

Ṣínà, ọkùnrin yìí fẹ́ fi ẹnì kan sẹ́wọ̀n, kò mọ orúkọ rẹ̀! Mo ní ó wà nísàlẹ̀ ìwé, kó lọ kà á. Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí n ti bínú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ilé. Sọ fún ọmọ gíga yẹn pé mo ń bọ̀ wá fojú ara mi wò ó.

Harun ń padà sílé lọ́jọ́bọ̀. Ó ránṣẹ́ pé òun ti ka orúkọ náà, pé òun fẹ́ wá sí Ìsẹ́yìn, mo sì júwe ilé rẹ fún un, torí ìwọ lo mọ ilé Àjàmú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mú un lọ. Má bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Má kọ́ Àjàmú ní ohun tó máa sọ, bó bá fẹ́ dárí jì í, tirẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí ẹ bá débẹ̀, gbé àga kan ṣoṣo síta, kí Àjàmú jókòó lé e.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,

Sàkáríyà.